Ọjọ́ Tí Àrùn Wọlé Kọ́ Ni Ọjọ́ Tí A Rí I

Àwọn tí kò ráyè dé gbọ̀ngàn ìlú lọ́jọ́ náà ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí èmi nọ́ọ̀sì sọ níbẹ̀ nípa bí àrùn ṣe ń wọ ara sílẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́, àtúnsọ nìkan ni mo yọ kúrò.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru.

Ẹsẹ̀ bàbá mi ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà náà, ní abúlé kan nílẹ̀ Ìbàràpá. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, àsìkò tí àwọn ọkùnrin ń kọ ebè. Bàbá mi jókòó sídìí ògiri, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí àpótí. Ìléròrò kan ti yọ lókè ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti bẹ́, nǹkan funfun kan sì ń yọrí jáde níbẹ̀ bí òwú tí à ń fi rán aṣọ. Ìyá bàbá mi mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó we orí òwú náà mọ́ ọn, ó ń yí i jẹ́jẹ́. Bó bá ti rí i pé ó fẹ́ le, á dúró, á fi èérún aṣọ di igi náà mọ́ ẹsẹ̀, ó di ọ̀la. Bí ó bá já sínú, ẹsẹ̀ á wú, á di egbò tí yóò gbé èèyàn sílé fún oṣù púpọ̀. Bí ìwọ̀n oríkèé ìka kan ló ń jáde lóòjọ́. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó tán. Bàbá mi kò kọ ebè kan ṣoṣo lọ́dún yẹn, ẹ̀kọ tí a jẹ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ara àwo ọlọ́wọ́ ẹni ló ti wá.

Sòbìà ni. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí mọ̀ ọ́n, òwe wa náà kò sì gbàgbé rẹ̀: sòbìà yóò degbò, olúgàǹbe là ń ké sí. Mo bi ìyá àgbà léèrè ibi tí nǹkan yẹn gbà wọ inú ẹsẹ̀ bàbá mi. Ó ní, "Kò gba ibì kankan wọlé. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Gbogbo èèyàn ló ní tirẹ̀, ọjọ́ tó bá bínú ló ń yọ."

Ìyá àgbà kì í ṣe òpè o. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ. Ó ti rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún sòbìà tó ń jáde, kò rí ọ̀kan rí tó ń wọlé. Ohun tí a bá rí tó ń jáde, tí a kò rí i kó wọlé, ṣé a kò ní sọ pé inú ilé ni wọ́n bí i sí?

Ohun tó gbé mi dé orí ìdúró lónìí nìyẹn. Gbogbo àrùn tí kòkòrò ń fà ló ní ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọ ara. Àmọ́ ọjọ́ tó wọlé kì í sábà jẹ́ ọjọ́ tí a rí i. Àlàfo wà láàárín méjèèjì: ti òmíràn wákàtí díẹ̀, ti òmíràn ọ̀sẹ̀ méjì, ti òmíràn ọdún gbáko. Inú àlàfo yẹn ni a ti máa ń na ìka sí ẹni tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ti sòbìà ṣe rí gan-an. Nínú adágún àti odò tí kì í ṣàn dáadáa, kòkòrò omi kan wà tó kéré débi pé ẹni tí ojú rẹ̀ mú ṣáṣá ló lè rí i, bí ẹyọ eruku funfun tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú ife. Kòkòrò omi yìí ló gbé ọmọ sòbìà mì. Èèyàn wá bu omi náà mu. Omi kíkan inú àpòlúkù pa kòkòrò omi, kò pa ọmọ sòbìà, àfi bí ẹni pé wọ́n wó ilé, àlejò inú rẹ̀ wá bọ́ síta láìfarapa. Ọmọ sòbìà lu ògiri ìfun jáde, ó bọ́ sínú ara. Akọ àti abo pàdé níbẹ̀, akọ sì kú. Abo ń gùn sí i, ó ń rìn láàárín ẹran ara lọ sísàlẹ̀, ẹni tó gbé e kò mọ nǹkan kan. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò rù, kò húkọ́. Ó ń lọ oko, ó ń lọ òde ìyàwó, ó ń bímọ. Nígbà tó bá tó nǹkan bí ọdún kan, sòbìà ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 100, ó ti sún mọ́ awọ ẹsẹ̀, ó wá ń wá ọ̀nà jáde.

Ọdún kan! Ta ni nínú wa ló lè rántí ife omi tó mu lóṣù yìí lọ́dún tó kọjá? Bí sòbìà bá ń yọ lọ́jọ́ kejì tí a mu omi yẹn, àwọn baba ńlá wa ì bá ti mọ ìdí rẹ̀ láti ayébáyé, wọn ì bá ti sẹ́ omi wọn. Ọgbọ́n kọ́ ló wọ́n wọn. Àlàfo yẹn ló gùn jù.

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán síbẹ̀. Sòbìà tó ń jáde máa ń jó èèyàn bí ẹyin iná. Ẹni tí iná ń jó, omi tútù ló ń wá. Èmi ni bàbá mi fi èjìká mi ṣe ọ̀pá lọ sódò lọ́jọ́ náà, odò tí gbogbo abúlé ti ń pọnmi mu. Ó ti ẹsẹ̀ bọ omi, ó mí kanlẹ̀. Inú mi dùn pé mo ràn án lọ́wọ́. N kò mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ bá ti kan omi ni sòbìà máa ń tu àwọn ọmọ rẹ̀ síta, ọ̀kẹ́ àìmọye, tí àwọn kòkòrò omi á sì gbé wọn mì. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti gbó tó láti wọ ara ẹlòmíràn. Ẹ ò rí i pé ìrora gan-an ni ẹṣin tí àrùn yìí ń gùn padà sódò. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìrìn odò yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Kò sí oògùn tó ń pa sòbìà nínú ara títí dòní. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Síbẹ̀, ibo ló wà lónìí? Nígbà tí wọ́n wá a láti abúlé dé abúlé ní Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, ó lé ní 650,000 èèyàn tí wọ́n rí i lára wọn láàárín ọdún kan. Ohun tí wọ́n fi bá a jà kò ju aṣọ asẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi mímu, kànga ẹ̀rọ, oògùn Abate tí wọ́n ń dà sínú adágún láti pa kòkòrò omi, àti kí a má jẹ́ kí ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ tẹ odò. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tó ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè wa rí, bá àjọ Carter Center tó ń bá sòbìà jà rìn lọ sí àwọn abúlé nítorí rẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí èyí tó gbẹ̀yìn, ní Ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé kò sí mọ́ ní Nàìjíríà. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n tì. Wọn kò bá a jà nínú ilé.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bi mí níbí yìí bóyá wíwẹ̀ nínú odò náà lè jẹ́ kí sòbìà gba awọ wọlé. Rárá. Ẹnu nìkan ni ọ̀nà rẹ̀. Kòkòrò àrùn dà bí kọ́kọ́rọ́, ilẹ̀kùn tirẹ̀ nìkan ló lè ṣí. Èyí tí ó bá gba ẹnu wọlé tí ó pani lè dà sára awọ tó mọ́ kó má ṣe nǹkan kan. Ohun tí a fi ń mọ ibi tí a ó ṣọ́ nìyẹn, nítorí èèyàn kò lè máa ṣọ́ gbogbo ibi.

Ẹ jẹ́ ká wo onígbáméjì. Òun kò ní sùúrù sòbìà. Láti wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ márùn-ún péré ló ń lò kó tó fara hàn, síbẹ̀ ọjọ́ díẹ̀ yẹn náà tó láti ṣi wá lọ́nà. Èèyàn jẹ ẹ̀bà níbi àríyá lálẹ́ Sátidé, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ lóru, gbogbo ẹnu á kó lé ẹni tó se ọbẹ̀ lórí. Ó lè jẹ́ òun lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ omi kànga tí ó mu ní Ọjọ́rú, tí ṣáláńgá aládùúgbò ń jò sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti dájọ́ fún olóbẹ̀ kò ní yẹ kànga wò, wọ́n á sì tún pọn omi níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú láti fi tọ́jú aláìsàn.

Kòkòrò onígbáméjì kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yè nínú àpòlúkù. Omi kíkan ibẹ̀ ń pa á bí ẹni pa eèrà. Nítorí náà ni ó fi ń gba pé kí èèyàn gbé èyí tó pọ̀ gan-an mì, bíi ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù nínú omi, kó tó lè ṣe ẹni tí ara rẹ̀ le ní jàǹbá. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn yà yín lẹ́nu. Omi tí ìgbẹ́ aláìsàn kan kán sí lè ru ú. Àwọn tó bá la àpòlúkù já á wọ inú ìfun, wọ́n á wẹ̀ dé ara ògiri rẹ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa. Onígbáméjì kì í jẹ ìfun. Kì í dá egbò sí i, kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ara ògiri ló dúró sí, oró ló ń tu. Oró yẹn ló ń wọ inú ògiri ìfun lọ ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀, ó sì ń dá a dúró sí ṣíṣí. Iyọ̀ ara ń dà síta, omi ara ń tẹ̀ lé iyọ̀. Èyí tó bá le lè gbé lítà omi kan jáde lára àgbàlagbà láàárín wákàtí kan. Ẹ rò ó wò: ike omi ńlá kan, wákàtí kan. Ìgbẹ́ náà kò rí bí ìgbẹ́ mọ́, bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì ló rí. Ojú á kó sínú, ohùn á gbẹ. Bí ẹ bá fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, á dúró síbẹ̀ bí aṣọ tí a ká, kò ní tètè padà. Ìfun kọ́ ló ń pa aláìsàn náà. Omi tó tán lára rẹ̀ ló ń pa á. Ìgbẹ́ yẹn náà, tó kún fún ọ̀kẹ́ àìmọye kòkòrò, ni ẹṣin tí onígbáméjì ń gùn lọ sí kànga mìíràn.

Nígbà tí àwọn olùwádìí ti wá mọ̀ pé oró náà kò ba ògiri ìfun jẹ́, wọ́n rí nǹkan ńlá kan: ilẹ̀kùn tí ìfun fi ń gba ṣúgà àti iyọ̀ pa pọ̀ wọlé ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí iyọ̀ bá dá wọlé, kò ní lọ. Bí ṣúgà bá di ọwọ́ iyọ̀ mú, méjèèjì á wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Ìdí omi oníyọ̀ àti ṣúgà nìyẹn. Ní 1971, lásìkò ogun Bangladesh, Dókítà Dilip Mahalanabis wà ní àgọ́ àwọn asásálà ní Bangaon, ní Íńdíà. Omi tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ fà sínú iṣan aláìsàn tán. Ó ní kí wọ́n pò iyọ̀ àti ṣúgà sínú àgbá, kí àwọn ìyá máa fi bù fún ọmọ wọn mu. Nínú 100 aláìsàn, nǹkan bí 30 ló ń kú tẹ́lẹ̀. Ó já wálẹ̀ sí bíi 4. Bí ẹ ó ṣe pò ó nílé nìyí: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí a gé orí rẹ̀, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ má fi kún iyọ̀ o, iyọ̀ tó pọ̀ lè pa ọmọ. Bí ẹ bá rí ORS onípáálí, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n pọ̀ sílẹ̀, ní ilé oògùn, òun ló dára jù. Ẹ máa fún un mu bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ má sọ pé ó di ìgbà tí ẹ bá dé ọ̀hún.

Ibà ni mo mọ̀ pé yóò fa awuyewuye, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Oòrùn kì í fa ibà. Òróró kì í fa ibà. Mo gbọ́ bí gbọ̀ngàn ṣe kùn nígbà tí mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ka ọjọ́. Abo ẹ̀fọn kan ta èèyàn lóru. Kòkòrò ibà bá itọ́ ẹ̀fọn wọ inú ẹ̀jẹ̀, kò sì ju nǹkan bí wákàtí kan lọ kó tó sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀. Ó wà níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹyọ kan ń di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ara ò ro ẹni náà, kò sí ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí yóò rí i nínú ẹ̀jẹ̀ lásìkò yẹn. Nígbà tó bá tó àkókò, wọ́n á bú jáde wọ inú ẹ̀jẹ̀, olúkúlùkù á wọ inú ẹyin ẹ̀jẹ̀ pupa kan, á jẹ ẹ́, á tún bí sí i, á bẹ́ ẹ. Bíi wákàtí 48 lẹ́yìn náà, wọ́n á tún bẹ́. Ìgbà tí àwọn ẹyin ẹ̀jẹ̀ bá bẹ́ pa pọ̀ ni ara máa ń mọ̀ pé ọ̀tá wọlé. Ara fúnra rẹ̀ ló ń dá iná yẹn. Ohun tó ń mú òtútù wọni lọ́sàn-án gangan nìyẹn.

Láti ọjọ́ tí ẹ̀fọn ta á sí ọjọ́ tí ara rẹ̀ gbóná, ó sábà máa ń tó ọjọ́ 10 sí ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èwo nínú wa ni kò dúró nínú oòrùn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹni tó ṣiṣẹ́ oko lánàá tí ibà mú lónìí á ní oòrùn àná ni. Ẹ̀fọn ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ti kú, kò sí níbẹ̀ láti jẹ́jọ́. Àwọn dókítà òyìnbó pàápàá gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún pé afẹ́fẹ́ burúkú ilẹ̀ àbàtà ló ń fa ibà, títí Dókítà Ronald Ross fi rí kòkòrò náà nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà ní oṣù kẹjọ ọdún 1897. Wọ́n sún mọ́ òótọ́, inú àbàtà ni ẹ̀fọn ń gbé, ṣùgbọ́n sísún mọ́ òótọ́ kò gba ọmọ là. Àwọ̀n tí a ta sórí bẹ́ẹ̀dì ló ń gbà á.

Mo ti dé ibi tó máa ń ṣòro fún mi láti sọ.

Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n gbé ọmọ tuntun kan wá. Ọmọkùnrin ni. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n gbé e dé. Ìyá rẹ̀ ní láti ìrọ̀lẹ́ àná ni kò ti lè mú ọmú. Ó ti ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu lójú mi, ètè ọmọ náà há pinpin, ojú rẹ̀ ń ṣe bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín. Ẹnìkan ti ilẹ̀kùn gbà. Bí ilẹ̀kùn ṣe dún, ara ọmọ náà fà le, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, ọwọ́ rẹ̀ di wínrin. Ó dẹ̀. Ọkùnrin kan wúkọ́, ó tún fà le. A gbé e sínú yàrá tó ṣókùnkùn, a ń rìn lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kò rí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Tẹ́tánọ́ọ̀sì ni. Kòkòrò rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ níbi gbogbo, ó wà nínú ìgbẹ́ màlúù àti ti ẹṣin. Ó máa ń di ara rẹ̀ bí èso tó gbẹ, tí oòrùn kò pa, tí òjò kò pa, tí yóò wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí èèyàn bá gbé e mì pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí a kò ṣan dáadáa, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ẹnu kọ́ ni ọ̀nà rẹ̀. Ojú ọgbẹ́ ni, pàápàá ọgbẹ́ tó jìn tí afẹ́fẹ́ kò dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìwọ́ ọmọ tuntun tí a gé, ẹran tó ti kú tó so mọ́ ara alààyè, ilé tí kòkòrò yìí ń wá kiri gan-an nìyẹn. Wọ́n ti fi ìgbẹ́ màlúù lé ìwọ́ ọmọ yìí kó lè tètè gbẹ. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é.

Kòkòrò náà kì í kúrò lójú ọgbẹ́. Oró rẹ̀ ló ń rìnrìn àjò. Ó ń gba inú okùn tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí iṣan, ó ń gòkè lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé ọ̀pá ẹ̀yìn. Iṣan wa ń gba àṣẹ méjì, ọ̀kan ní "fà", èkejì ní "ó tó, dẹ̀". Àṣẹ kejì yẹn ni oró tẹ́tánọ́ọ̀sì ń pa lẹ́nu mọ́. Nígbà náà, ohun tó bá ti fà kò ní mọ bí yóò ṣe dẹ̀ mọ́. Ìrìn àjò oró yẹn lára ọmọ tuntun máa ń gba ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rìnlá, ti ọ̀pọ̀ wọn á sì bọ́ sí àyíká ọjọ́ kẹjọ.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ? Ọjọ́ kẹjọ ni ìsọmọlórúkọ. Ọjọ́ yẹn ni ilé ń kún, tí ẹni gbogbo ń gba ọmọ gbé. Kó tó di ọ̀la, ẹnu ọmọ há. Ta ló gbé ọmọ yìí lánàá? Ìyàwó ilé kan wà nínú agbo ilé wọn tí kò tíì bímọ. Òun náà gbé e, ó gbàdúrà fún un, ó ní kí ọmọ náà fi ẹsẹ̀ rẹ̀ pe ọmọ wá fún òun. Kí á tó sin ọmọ náà tán, wọ́n ti kó ẹrù obìnrin yẹn sí ìta. Mo lọ bá wọn. Mo ṣàlàyé títí ohùn mi fi há. Ọmọdé ni mí lójú wọn, wọn ò gbọ́. Obìnrin náà lọ, n kò rí i mọ́ láti ọjọ́ náà. Àrùn yẹn ti wọlé láti bí ọjọ́ mẹ́jọ, nígbà tí obìnrin yìí kò tíì fojú kan ọmọ náà rárá.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń fún aboyún kì í ṣe tìtorí aboyún nìkan. Ara ìyá á ṣe ohun ìjà tó ń mú oró tẹ́tánọ́ọ̀sì dè, ohun ìjà yẹn á gba ara ibi kọjá sínú ọmọ, ọmọ á gbé e wá sáyé. Ẹ lọ gbà á, ẹ gbà á pé. Ìwọ́ ọmọ, ẹ má fi nǹkan kan sí i ju chlorhexidine, oògùn apakòkòrò tí nọ́ọ̀sì bá fún yín, lọ. Bí kò bá sí, ẹ fi í sílẹ̀ ní mímọ́ àti ní gbígbẹ.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ àlàfo bí ẹni pé ọ̀tá wa nìkan ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Nínú àrùn dìgbòlugi, àánú Ọlọ́run ni. Bí ajá tó ní in bá bu èèyàn jẹ, kòkòrò inú itọ́ rẹ̀ á wọ ojú ọgbẹ́, á di okùn iṣan mú, á máa rákò lọ sínú ọpọlọ. Ó sábà máa ń tó oṣù kan sí mẹ́ta kó tó dé ibẹ̀. Bó bá ti dé, tí ẹni náà ti ń sá fún omi, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é. Ṣùgbọ́n kó tó dé, a lè sáré ṣáájú rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1885, wọ́n gbé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, wá bá onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Louis Pasteur ní Paris, lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí ajá ti bù ú jẹ. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ lẹ́yìn ọjọ́. Kò ṣàìsàn, ó dàgbà. Nítorí náà, bí ajá bá bu ọmọ yín jẹ, ẹ má dúró wo bóyá yóò ṣàìsàn. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú eyín náà fún ìṣẹ́jú 15, ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Àìsàn tí ẹ ń dúró dè láti rí kí ẹ tó gbàgbọ́, bí ẹ bá rí i, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Àsìkò ti lọ, n kò lè fa ti ikọ́ ẹ̀gbẹ gùn. Afẹ́fẹ́ ló ń bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè sùn síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbé e sínú kò ní ṣàìsàn rẹ̀ láéláé. Ẹni tó bá ti húkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ ṣàyẹ̀wò. Kó má ṣe máa wá ẹni tó kó o ràn án, onítọ̀hún lè ti kú kí òun tó gbéyàwó.

Mo ní kí wọ́n bèèrè ìbéèrè. Ìyá kan dìde, ó ní oòrùn tí mo ní kì í fa ibà, kí ló dé tí orí òun fi máa ń fọ́ bí òun bá ti ọjà dé? Mo ní, ìyá mi, orí fífọ́ yín òótọ́ ni, oòrùn lè fà á, òùngbẹ lè fà á. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo orí fífọ́ ni ibà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gún yín níka kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó gbé oògùn ibà mì. Ó ní òun yóò lọ, ọmọbìnrin rẹ̀ tó jókòó tì í ní òun yóò mú un lọ.

Bàbá arúgbó kan ló gbẹ̀yìn. Kò bèèrè nǹkan kan lákọ̀ọ́kọ́. Ó gbé ṣòkòtò rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó fi àpá mẹ́rin hàn wá, dídán bí owó ẹyọ. Ó ní ṣé èyí tó ti jáde lè padà? Mo ní rárá, bàbá, sòbìà kì í bímọ sínú ara kí ọmọ rẹ̀ máa gbé ibẹ̀; èyí tí ẹ bá mu ni yóò jáde, èyí tó bá jáde ti lọ nìyẹn. Ó ní bí mo ṣe sọ ọ́, ọdún kan ló ń lò? Mo ní nǹkan bí ọdún kan.

Ó wo àpá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó fi àtàǹpàkò pa á. Ó ní èyí yọ lọ́dún tí wọ́n bí àkọ́bí òun, lásìkò ọyẹ́, ìdí nìyẹn tí òun kò fi lè jó níbi ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Ó dákẹ́, ó ń fi ìka kàrò. Ó ní lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, lásìkò ọyẹ́, òun àti ẹ̀gbọ́n òun ń ṣán oko fún àna òun, adágún kan wà lẹ́bàá igi ose níbẹ̀, ewé kókò ni àwọn fi ń bu omi rẹ̀ mu.

"Omi yẹn tutù," ló wí. Ó sọ ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó.